Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwọn Travesti àti Obìnrin Trans Tí Ń Ṣe Òwò Nàbì ní Brazil, Ìdẹ́yẹsí àti Ààbò Wọn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni ó máa ń padà wá léraléra nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Brazil ni a gbé e kà nítorí pé níbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni wọ́n ń ka òkú ara wọn lọ́dọọdún, òfin ibẹ̀ sì ti gbè wọ́n ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ, síbẹ̀ ikú kò dáwọ́ dúró.

Ta ni wọ́n ń pè ní travesti, ta sì ni obìnrin trans?

Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ "ọkùnrin" sínú ìwé ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tàbí sí ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin, tí ó sì ń gbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Travesti ni orúkọ tí ó ti pẹ́ jù ní Brazil àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Èébú ni tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi bú sì ti gbà á mọ́ ara wọn bí orúkọ oyè. Obìnrin trans ni orúkọ tí ó dé lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ́ méjèèjì.

Wọn kì í ṣe ọkùnrin tí ó wọ aṣọ obìnrin ṣeré lọ́jọ́ kánífà. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n, irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́ náà kọ́.

Ṣé gbogbo wọn ni ó ń ṣe òwò nàbì?

Rárá. Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, onídìrí, agbẹjọ́rò àti aṣòfin wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí òwò yìí ti kó oúnjẹ sí lẹ́nu rí pọ̀ gidigidi. ANTRA, ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, fojú bù ú pé nǹkan bí 90 nínú 100 ni òwò nàbì jẹ́ ọ̀nà àtijẹ fún. Ìfojúbù ni, kì í ṣe iye tí ìkànìyàn mú jáde, nítorí pé ètò ìkànìyàn ọdún 2022 ní Brazil kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó jẹ́ trans. Ó yẹ kí ẹni tí yóò tún iye yẹn sọ fi èyí kún un.

Kí ló ń tì wọ́n dé ìdí òwò yìí?

Ilé ni ó sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá tí ìrìn rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ kò bá ti àwọn ọmọkùnrin yòókù mu yóò jẹ ẹgba, yóò gbọ́ ìwàásù, níkẹyìn wọn yóò ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó tẹ̀ lé e: bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ní òwúrọ̀, tí ó ń pe orúkọ ọkùnrin, tí kíláàsì ń bú sẹ́rìn-ín, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì di ibi tí wọ́n ti ń lù ú, ọmọ náà yóò dẹ́kun lílọ. Nígbà tí ó bá wá iṣẹ́ lọ, kò ní ìwé ẹ̀rí, àwòrán tí ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò sì jọ ẹni tí ó jókòó níwájú ọ̀gá.

Erika Hilton, tí ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Brazil báyìí, ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n lé òun kúrò nílé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, pé òpópónà ni òun sì ti rí owó jẹun. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ìtàn tirẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ padà wá mú un, tí ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ kò rí ẹni tí yóò padà wá.

Ṣé òwò nàbì lòdì sí òfin ní Brazil?

Kò lòdì sí òfin fún àgbàlagbà tí ó bá ń ṣe é fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2002 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí a mọ̀ sí iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 5198-05.

Ohun tí Òfin Ìwà Ọ̀daràn ọdún 1940 kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa ṣí ilé fún òwò náà, tàbí kí ó máa jẹ èrè lórí ẹni tí ń ṣe é. Ó dára létí, nítorí pé àwọn tí ń fi ẹlòmíràn ṣe òwò nàbì fún èrè ara wọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mú. Nínú ìṣe, ó tún lè di ìhalẹ̀ lórí obìnrin méjì tí wọ́n jọ háyà ilé kan kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn. Onílé mọ èyí, ó sì ń bu owó lé owó háyà nítorí rẹ̀.

Irú ìdẹ́yẹsí wo ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́?

Ìlọ́po méjì ni: ti ara wọn àti ti òwò wọn, àwọ̀ dúdú sì máa ń sọ ọ́ di ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gbà wọ́n. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé inú ilé tí travesti àgbà kan ń darí, tí wọ́n ń san owó ibùsùn lójoojúmọ́ dípò oṣooṣù. Ẹni tí òjò bá dé mọ́lé ní alẹ́ kan, gbèsè ni yóò bá jí. Àgbà ilé náà lè jẹ́ ìyá tí ó kọ́ ọmọ bí a ṣe ń yè é, ó sì lè jẹ́ ẹni tí yóò ní kí wọ́n na onígbèsè. Nígbà mìíràn, ẹnì kan náà ni.

Ní ọ̀sán, ojú títì ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra búrẹ́dì yóò gbọ́ òǹtajà tí ń pè é ní "bọ̀ọ̀dá" sókè kí àwọn tó tò sẹ́yìn lè rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń sùn ní ọ̀sán, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ òru nìkan.

Báwo ni ìpànìyàn náà ṣe pọ̀ tó, ta sì ni ó ń kà á?

ANTRA ni ó ń kà á láti ọdún 2017, láti inú ìwé ìròyìn àti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ kò ní àkọsílẹ̀ tí ó pé. Wọ́n ka ikú 179 ní ọdún 2017, 175 ní 2020, 145 ní 2023 àti 122 ní 2024. Iye náà máa ń lọ sókè, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ti 2024 sì kéré sí ti 2017, síbẹ̀ Brazil ni ó ń ṣíwájú lọ́dọọdún nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá bá kọ sílẹ̀ bí "ọkùnrin kan tí a kò mọ̀" kò sí nínú iye náà, nítorí náà a kò lè sọ pé ó ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú òkú náà jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, òpópónà ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó tún máa ń hàn lára òkú ni àṣejù: ẹni tí ọ̀bẹ kan ti tó láti pa, wọn yóò gún un lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí kì í ṣe ìwà olè tí ń wá owó.

Kí ló dé tí oníbàárà ẹni yóò fi pa ẹni?

Kì í ṣe oníbàárà nìkan ni ó ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́. Ọkùnrin tí ó wá wọn lọ ní òru mọ ẹni tí òun ń wá. Òpópónà tí ó yà sí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ṣèèṣì yà sí. Ìtìjú ni ó ń bá a padà sílé. Bí ẹnì kan bá rí i, tàbí tí ó bá rò pé a lè tú òun fó, a lè rí ọkùnrin tí yóò fẹ́ pa ẹni tí ó mọ̀ àṣírí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró níwájú adájọ́, tí yóò ní wọ́n tan òun jẹ ni, òun kò mọ̀. Àwáwí yìí kò yẹ ní gbígbà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn adájọ́ kan ti ń fi etí sí i.

Ṣé àwọn ọlọ́pàá kì í dáàbò bò wọ́n ni?

Àwọn àgbà inú wọn kò gbàgbé oṣù Kejì ọdún 1987, nígbà tí ọlọ́pàá São Paulo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Tarântula. Wọ́n ní àwọn ń dènà àrùn éèdì, wọ́n sì ń kó àwọn travesti ní òpópónà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó àrùn ìbálòpọ̀ ran ènìyàn. Ìwọ́de àti atótónu mú kí wọ́n dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpànìyàn tí ó tẹ̀ lé e kò dúró, nítorí pé ẹni tí ìjọba bá fi hàn bí àrùn, olúkúlùkù ni yóò rò pé òun lè pa á.

Ní sáà yẹn, àwọn travesti máa ń fi abẹ fẹ́lẹ́ pamọ́ sí ẹnu, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí ọlọ́pàá bá mú wọn, wọn yóò fi ya apá ara wọn. Ọlọ́pàá tí ń bẹ̀rù éèdì kò ní fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà kan òun, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àpá náà ṣì wà lára àwọn tí wọ́n kù láyé, ní ìlà ìlà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí tí wọn kì í fi sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá yẹ kí ó ro èyí wò.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń dá láti yè é ní òpópónà?

Wọn kì í dá dúró. Igun kan, ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sókè kí awakọ̀ gbọ́. Kíkà á sókè yìí ni oògùn, nítorí pé ọkùnrin tí ó mọ̀ pé wọ́n ti mọ ọkọ̀ òun yóò ro ohun tí ó fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kì í wọ ọkọ̀ tí ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gba owó kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìtura tí àwọn fúnra wọn mọ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, wọn kì í tẹ̀ lé oníbàárà lọ sí ibi tí ó yàn. Lórí WhatsApp, wọ́n ń fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́, wọ́n sì ń pín àwòrán àwọn oníbàárà oníjàgídíjàgan fún ara wọn.

Òfin tí ó bá lé wọn kúrò ní igun tí iná wà, tí ó tì wọ́n sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù, ti gba gbogbo ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá wà nínú èdè ìkọ̀kọ̀ wọn?

Òótọ́ ni. Pajubá ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní bajubá. Èdè Potogí ni egungun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá láti ilé òrìṣà Candomblé, níbi tí èdè àwọn baba ńlá tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ti kù sí. Ocó ni ọkùnrin, odara ni ohun tí ó dára, otim ni ọtí, ajeum ni oúnjẹ, ilê ni ilé. Aquê, ìyẹn owó, bá èdè Fọ̀n àti Ẹ̀gùn mu. Alibã ni ọlọ́pàá.

Iṣẹ́ ààbò ni èdè náà ń ṣe. Ẹni tí ó rí ọlọ́pàá tí ń bọ̀ lè kìlọ̀ fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ níṣojú oníbàárà láìsí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ní ọdún 2018, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí a mọ̀ sí ENEM mú pajubá wọ inú ìbéèrè kan, ariwo sì ta débi pé ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ nígbà náà, Jair Bolsonaro, bínú sí i ní gbangba. Kò jọ pé àwọn tí ń bínú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ń sọ lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn àti Kétu ni wọ́n ń pè ní ìṣekúṣe.

Ṣé ilé òrìṣà ń gbà wọ́n?

Ó ń gbà wọ́n ju ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn kan sì ti di ìyálórìṣà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi oyin pa á. Ní àwọn ilé kan, wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá obìnrin trans lè wọ aṣọ àwọn obìnrin lọ́jọ́ ọdún, tàbí bóyá ipò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin lè tọ́ sí i. Ọwọ́ olórí ilé kọ̀ọ̀kan ni ìdáhùn wà.

Kí ni orúkọ inú ìwé ní í ṣe pẹ̀lú ààbò?

Ó ní púpọ̀ í ṣe. Nọ́ọ̀sì jáde sí iyàrá tí àwọn aláìsàn jókòó sí, ó pe orúkọ ọkùnrin, obìnrin kan dìde, gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀pọ̀ ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ láti orí àga yẹn, tí wọn kò sì padà wá títí àìsàn fi wọra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Ààrẹ Dilma Rousseff fọwọ́ sí àṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa lo orúkọ tí ẹni trans ń jẹ́.

Èyí tí ó tóbi jù dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹta, ọdún 2018: Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí àgbàlagbà lè yí orúkọ àti ọkùnrin tàbí obìnrin inú ìwé ìbí rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, láìṣe iṣẹ́ abẹ, láìsí ìwé dókítà, láìlọ sí kóòtù. Ìṣòro tí ó kù ni owó àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè, nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ fi máa ń ṣètò ọjọ́ tí wọ́n ń bá àwọn aláìní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti ìlera ńkọ́?

Òfin ọdún 1996 mú kí oògùn HIV jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ìparí ọdún 2017 ni oògùn PrEP, tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà ń lò kí ó má baà kó o, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́, tàbí tí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò pọ̀, oògùn PEP wà. Láàárín wákàtí 72 ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ti yá tó ni ó dára tó, ọjọ́ 28 ni a ó fi lò ó.

Ewu tí àwọn ènìyàn ita kì í mọ̀ ni sílíkóónù ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ, tí kì í ṣe fún ara ènìyàn. Obìnrin kan tí kì í ṣe dókítà ni yóò fi abẹ́rẹ́ ńlá fà á sí ìbàdí àti ọmú oníbàárà rẹ̀ nínú iyàrá. Ó lè ṣàn lọ sí ẹsẹ̀, ó lè dá egbò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ó sì pani lórí ibùsùn. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ṣe é nítorí pé ara tí ó bá rí bí ti obìnrin ń mú oníbàárà wá, iṣẹ́ abẹ tòótọ́ wọ́n, ìlà tí wọ́n ń tò ní ilé ìwòsàn ìjọba sì gùn.

Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí nígbà tí ilé ìwòsàn ń lé wọn ni Brenda Lee, travesti tí ó sọ ilé rẹ̀ ní São Paulo di ibùgbé àwọn tí éèdì ń ṣe láàárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n pa òun náà ní ọdún 1996.

Òfin wo ni ó gbè wọ́n bí ẹnì kan bá lù wọ́n?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi òfin tí ó de ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà dájọ́ ẹni tí ó bá hùwà ìkórìíra sí wọn, títí ilé aṣòfin yóò fi ṣe òfin tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ mìíràn tí ó tẹ̀ lé e ní ipò, STJ, dájọ́ pé òfin Maria da Penha, tí ń dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ìlùkulù nínú ilé, kan obìnrin trans. Nọ́ńbà 190 ni ti ọlọ́pàá. 100 ni ti ìfisùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, 180 sì ni ti àwọn obìnrin.

Àwọn ìdájọ́ yìí dára. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba ẹ̀sùn wọlé ní àgọ́ ọlọ́pàá ni ó ń pinnu bóyá wọn yóò wúlò.

Kí ni àwọn tí ó lọ sí Yúróòpù ń bá pàdé?

Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń lọ sí Paris, lẹ́yìn náà sí Ítálì àti Sípéènì. Àwọn kan ti ibẹ̀ kọ́ ilé fún ìyá tí ó lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ òfuurufú yóò yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ọ̀nà, gbèsè náà yóò sì wú ju iye tíkẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò tún san owó igun tí wọ́n dúró sí. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè fi ẹni tí ó lù ú sùn. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó láti Benin City lọ sí Ítálì yóò rí i pé okùn kan náà ni.

Ṣé kò ní dára jù kí ìjọba fòfin de òwò náà pátápátá, tàbí kí wọ́n máa mú àwọn oníbàárà?

Sweden ń fìyà jẹ oníbàárà láti ọdún 1999, Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. New Zealand gba ọ̀nà mìíràn ní 2003: wọ́n yọ òwò náà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀, kí àwọn tí ń ṣe é lè jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé kan kí wọ́n sì lè pe ọlọ́pàá. Ní Brazil, aṣòfin Jean Wyllys gbé àbá kan kalẹ̀ ní 2012 pé kí òfin ka òwò náà sí iṣẹ́ bí iṣẹ́ yòókù, ó sì fi orúkọ Gabriela Leite sọ ọ́, obìnrin olówò nàbì tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2013. Àbá náà kò di òfin. Àwọn ajìjàgbara obìnrin kan ní ìtajà ara ènìyàn ni, kò sì yẹ kí òfin bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ní ebi kò ní dúró de ìgbà tí ayé bá tó dára.

Èrò tiwa ni pé oníbàárà tí ń sá fún ọlọ́pàá yóò fẹ́ kí obìnrin náà tètè wọ ọkọ̀, ní ibi tí ó ṣókùnkùn, láìsí ẹni tí yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ewu náà kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n kúrò nídìí òwò náà ní tòótọ́ yẹ kí ó kọ́kọ́ fún wọn ní ibòmíràn tí wọn yóò lọ.

Ǹjẹ́ ibòmíràn náà wà?

Díẹ̀ wà. Láti ọdún 2015 ni ìjọba ìlú São Paulo ti ní ètò kan, Transcidadania, tí ń san owó oṣooṣù fún ẹni trans tí ó bá padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni ọdún márùndínlógójì lè jókòó kọ́ ohun tí wọ́n lé e kúrò nídìí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láìjẹ́ pé yóò tún dúró ní igun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tí ó ń fẹ́ àyè níbẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ. Ní 2022, Erika Hilton àti Duda Salabert di obìnrin trans àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Ìhalẹ̀ ikú tí ń wọlé sí wọn pọ̀ débi pé ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀sìn mi kò gba irú ìgbé ayé yìí. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?

Kò sí ẹni tí ó ní kí o yí ẹ̀sìn rẹ padà. Ohun tí a ń béèrè kéré: má lé ọmọ jáde nílé, má yá ẹni tí ń nà án ní ohùn, bí o bá sì jẹ́ ẹlẹ́rìí, sọ ohun tí o rí. Kò sí ìwé mímọ́ tí ó ní kí onílé gba owó háyà ìlọ́po méjì.

Báwo ni kí a ṣe kọ ìròyìn nípa ẹni tí wọ́n pa?

Orúkọ tí ó fi gbé ayé ni kí ẹ kọ, kì í ṣe èyí tí ọlọ́pàá rí nínú ìwé rẹ̀. Má fi orúkọ àtijọ́ sínú àkámọ́, kò ṣe òǹkàwé láǹfààní kankan. Má sọ òwò rẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ bí ẹni pé òwò náà ni ó pa á. Ẹni tí ó mú ọ̀bẹ ni ó pa á, kọ ohun tí ó ṣe àti ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì, ọdún 2017, wọ́n lu travesti kan, Dandara dos Santos, ní òpópónà ní Fortaleza, ní ojúmọmọ, kí wọ́n tó pa á. Àwọn tí ó lù ú ni wọ́n ya fídíò rẹ̀, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Fídíò náà wúlò fún adájọ́, wọ́n sì dá ọkùnrin márùn-ún lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Kò wúlò fún ẹlòmíràn. Bí irú rẹ̀ bá dé sórí fóònù rẹ, fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò, kí o má fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́.